Ẹ Sọ Òótọ́ fún Ọmọ Nípa Onígbáméjì



Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ní ilé-kéú wa ló bi wá ní ìbéèrè kan tó dá iṣẹ́ ọjọ́ náà dúró. Ó ní, "Áfáà, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tí kì í kírun ni onígbáméjì máa ń mú?" Bàbá kan ládùúgbò wọn ni àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bàbá tí kì í pa ìrun Àsùbáà jẹ ní mọ́sálásí. Ìyá àgbà ọmọ náà ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ nígbà tó béèrè ohun tó pa á. Ọmọ wá ń rò ó bóyá irọ́ ni gbogbo ìrun tí bàbá ń kí.

Ìyá àgbà kò ní ìkà nínú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Nínú ilé mìíràn, wọ́n á ní àjẹjù ohun dídùn ló fà á. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wá mú ọmọ tí wọ́n sọ irú èyí fún lóru, kò ní sọ, torí á rò pé ẹgba ló kàn. Bẹ́ẹ̀ onígbáméjì tó bá le lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀ tí kò bá rí ìtọ́jú.

Kí wá ni òótọ́? Ó wà nínú orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Inú ìgbẹ́ ẹni tó ní in ló ti ń jáde, ẹnu ẹlòmíràn ló ń gbà wọlé: nínú omi kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá, nínú oúnjẹ tí eṣinṣin bà lé, lára ọwọ́ tí a kò fi ọṣẹ fọ̀. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Àwa àgbà la ń tijú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́, ọmọdé kì í tijú rẹ̀. Nígbà tí a sọ fún tiwa pé ìgbẹ́ ẹlòmíràn lè wà nínú omi tí wọ́n ń bù mu, gbogbo wọn ló ké "yéè!"

Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 5 lẹ́yìn tó bá wọlé ni àmì rẹ̀ máa ń hàn. Ìgbẹ́ á dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, ojú á jìn, ẹnu á gbẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní kòkòrò náà ni kò tilẹ̀ ní ṣàìsàn rárá, síbẹ̀ ó wà nínú ìgbẹ́ wọn. Nítorí náà, kò sí bí a ṣe lè wo ìrun tàbí ìwà ẹnìkan kí a fi mọ ẹni tó máa mú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí àrùn yìí jà ní Èkó, ohun mímu òfíò tí wọ́n ń tà kiri wà lára ohun tí àwọn aláṣẹ ìlera fura sí. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn rẹ̀. Òfíò kò ṣẹ̀ o. Omi tí wọ́n fi ṣe é ni kí á béèrè.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí àwa Mùsùlùmí ti sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn kan gbà pé àlùwàlá márùn-ún lójúmọ́ ti tó fún ọwọ́. Kò tó. Ọwọ́ òsì àti omi la fi ń ṣe ìmọ́ra lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ọmọ bá kàn da omi sí ọwọ́ yẹn, tó sì di búta mú, ẹni tó kàn á di búta kan náà mú, á bu omi sẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ó wà nínú hádíìsì pé nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń wẹ ìwẹ̀ jánábà, lẹ́yìn tó fọ ojú ara rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ ra ilẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́. Òun náà ló ní kí á máa bo ohun tí omi wà nínú rẹ̀ lálẹ́, tó sì kìlọ̀ nípa yíyàgbẹ́ sí ibi omi, ojú ọ̀nà àti abẹ́ ibòji. Ní ilé-kéú wa, a ti so ọṣẹ sínú àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Wọ́n ti jí i lẹ́ẹ̀mejì. A ti so ẹ̀kẹta.

Ọmọ kan tún ní bí Ọlọ́hun bá ti kọ ọ́, kí ni ọṣẹ fẹ́ ṣe? A sọ ìtàn Sayyidinā Umar fún un, bó ṣe ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, tó sì darí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Abū ‘Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó ní inú kádàrá Ọlọ́hun lòun ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a kọ́ wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà: lítà kan omi tí a sè tó sì ti tutù, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má ṣe ga jù, torí iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ní ilé oògùn ló dára jù bí ó bá wà. Kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn; kò rọ́pò ilé ìwòsàn o. Ọmọ ọmú kò sì gbọ́dọ̀ dẹ́kun ọmú.

Ọmọbìnrin wa yẹn bu ṣúgà kọjá ojú ṣíbí, ó dà á padà, ó tún un bù. Ó wá bi wá bóyá bàbá aládùúgbò wọn ì bá yè, ká ní ẹnìkan ti po èyí fún un lóru ọjọ́ náà, tí wọ́n sì tètè gbé e lọ. A sọ fún un pé ó ṣeé ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òun lè mú ṣíbí náà lọ fi han ìyá àgbà.