Ohun Tí A Fẹ̀sọ̀ Sè: Egungun Ìhà Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Ìkòkò Arọrasè

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo se egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ fún àlejò, ojú tì mí. Mo ti fi ata àti àlùbọ́sà pa ẹran náà lára láti òru, ó sì ń ta sánsán dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ki eyín bọ ẹyọ kan, ó fà á títí, ẹran kọ̀ kò kúrò lára egungun. Ó rọra gbé e padà sínú àwo, ó ní, "Àbúrò, ọbẹ̀ yìí mà dùn o." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ẹran ni kò fẹ́ dárúkọ.

Àṣìṣe mi kò ju ẹyọ kan lọ: mo kánjú. Mo ran iná gáàsì sókè, mo sì rò pé bí omi bá ti hó gidigidi fún 40 ìṣẹ́jú, ó ti parí. N kò tíì mọ irú ẹran tí mo ń bá jà.

Ìdí tí ẹran ìhà fi ń le

Ẹran tó wà láàárín egungun ìhà kì í sinmi. Ní gbogbo ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń mí, ó ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi kún fún àwọn okùn tín-ín-rín tí ó so ẹran mọ́ ẹran, tí ó sì so ẹran mọ́ egungun. Kọ́lájìn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe èròjà tí ó fún okùn náà lágbára. Bí iná bá bà á fún ìgbà díẹ̀, ṣe ni yóò súnkì. Ṣùgbọ́n bí ooru pẹ̀lẹ́ bá bá a gbé fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá láti nǹkan bí 70°C lọ sókè, yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di jẹ́látì, èyí tí ń mú kí ẹran rọ̀ lẹ́nu kí ó sì lẹ̀ mọ́ ètè.

Ẹni tó bá ti se bọ̀kọ́tọ̀ rí ti mọ jẹ́látì, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ màlúù tó le bí igi ní òwúrọ̀ yóò ti rọ̀ nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́. Omi rẹ̀ yóò ki, bí ó bá sì sun inú fíríìjì mọ́jú, yóò dì bí ẹ̀kọ.

Iná ńlá kò lè kánjú ṣe iṣẹ́ yìí. Kí kọ́lájìn tó ráyè yọ́, gbígbóná àpọ̀jù yóò ti fún omi jáde lára ẹran gẹ́gẹ́ bí a ti ń fún aṣọ tí a fọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ìkòkò ẹran ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi pa òwe náà.

Ìkòkò tí ó gba Vilna dé Chicago

Ohun èlò kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ìsè pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Slow cooker ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Èmi yóò máa pè é ní ìkòkò arọrasè. Irving Naxon, ọmọ Júù kan tó jẹ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ohun èlò ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé-ẹ̀rí àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1940. Inú ìtàn ìdílé rẹ̀ ni èrò náà ti wá. Ní Vilna, ní ilẹ̀ Lithuania, àwọn Júù kì í dáná lọ́jọ́ Sábáàtì. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ẹtì kí oòrùn tó wọ̀, wọn a gbé ìkòkò ẹ̀wà àti ẹran tí wọ́n ń pè ní cholent lọ sínú ààrò oníbúrẹ́dì. Ooru tó ṣẹ́kù nínú ààrò náà ni yóò máa se é títí di ọjọ́ kejì.

Ilé-iṣẹ́ Rival ra iṣẹ́ Naxon ní ọdún 1970, wọ́n sì gbé ìkòkò náà jáde ní 1971 pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot. Ó bọ́ sí àsìkò tí ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n lè gbé oúnjẹ kaná láàárọ̀, kí wọ́n sì bá a ní jíjinná lálẹ́.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìtàn cholent, nítorí èèwọ̀ ni fún àwọn Júù. Bí ó bá jẹ́ èèwọ̀ fún ẹ̀yin náà, yálà nítorí pé ẹ jẹ́ Mùsùlùmí tàbí nítorí ìdí mìíràn, ẹ lo egungun ìhà màlúù tàbí ti àgùntàn. Ọ̀nà kan náà ni; ti màlúù kàn lè pẹ́ díẹ̀ sí i.

Amọ̀ ni ìkòkò inú rẹ̀, bí ìkòkò àwọn ìyá wa àgbà. Wáyà tó ń gbóná wà lára páànù tó yí i ká, kì í sì í sábà gbà ju wáàtì 200 sí 300 lọ. Ooru tó bá gòkè yóò di omi lára ọmọrí, yóò sì kán padà sórí ẹran. Nítorí náà, omi púpọ̀ kò pọn dandan.

Bí a ṣe ń sè é

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá nǹkan bí kílò kan ààbọ̀ egungun ìhà. Bí ẹran náà bá ti dì, ẹ jẹ́ kí ó yọ́ tán nínú fíríìjì kí ẹ tó lò ó. Ẹ má ṣe gbé yìnyín sínú ìkòkò arọrasè, nítorí yóò pẹ́ jù kí ó tó gbóná.

Ẹ yí i padà sí apá egungun. Ẹ ó rí awọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí etí rẹ̀, ẹ fi bébà ìnuwọ́ dì í mú kí ó má baà yọ̀, kí ẹ sì fà á kúrò. Awọ yìí kì í rọ̀ dáadáa, kì í sì í jẹ́ kí èròjà wọnú ẹran.

Ẹ po ṣíbí ìmutíì méjì iyọ̀, ọ̀kan ata gbígbẹ gígún, ọ̀kan atalẹ̀, ọ̀kan ááyù, ìdajì táìmù àti ṣíbí ìjẹun kan ṣúgà pọ̀. Ẹ fi pa ẹran náà lára yíká, kí ẹ jẹ́ kí ó sun inú fíríìjì mọ́jú bí àyè bá wà.

Ní òwúrọ̀, ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ tẹ́ àlùbọ́sà tí ẹ rẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ to ẹran náà ní ìnàró yí ògiri rẹ̀ ká, kí apá tó lẹ́ran kọjú sí ògiri. Ẹ da ìdajì ife tòmátì àti ata rodo lílọ̀ sí i, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ẹ dé e. Ní ojú Low, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Ní ojú High, mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má ṣe máa ṣí i wò. Ìṣíwò kan lè fi nǹkan bí ìdajì wákàtí kún ìsè náà.

Bí ẹ bá ní tẹmómítà ẹran, 63°C ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti ń di èyí tí kò léwu, bí a bá sì jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n rírọ̀ rẹ̀ di nǹkan bí 90°C. Nígbà tí egungun bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ rọra kó o jáde. Ẹ fi oyin, ata gígún àti díẹ̀ nínú omi ìkòkò náà kùn ún, kí ẹ sì yan án lórí èédú fún ìṣẹ́jú márùn-ún títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ bu ọ̀rá kúrò lójú omi tó ṣẹ́kù, kí ẹ sì sè é kí ó ki. Ó bá ìrẹsì àti iṣu lọ.

Bí iná bá lọ

Mo ti kọ́ gbogbo èyí tán kí n tó kọ́ ẹ̀kọ́ tó le jù. Ní ọjọ́ kan, mo gbé ìkòkò kaná ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, mo sì jáde. Nígbà tí mo dé ní aago márùn-ún, ẹran náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì tíì rọ̀. Alábàágbé wa sọ pé láti aago mẹ́sàn-án ni iná ti lọ.

Mo fẹ́ dà á nù. Màmá mi, tó wá kí mi, di ìkòkò mú. "Owó ẹran yìí ńkọ́? Gbé e sórí gáàsì jàre, kí ó hó dáadáa. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ á kú."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí náà yóò kú. Ṣùgbọ́n láàárín 4°C sí 60°C ni wọ́n ti ń bí sí i kíákíá, àwọn kan nínú wọn, bíi Staphylococcus aureus, a sì máa tu májèlé sínú oúnjẹ. Kòkòrò lè kú, kí májèlé rẹ̀ ṣẹ́kù, nítorí omi híhó kì í pa á run. Wákàtí mẹ́jọ sì ni ẹran yìí ti wà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà," ni mo wí. "Owó ẹran kò tó owó ilé ìwòsàn."

Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Iná igi tiwa kì í kú kí ẹni tó ń dáná má mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá àgbà tó ń se bọ̀kọ́tọ̀ láti àárọ̀ ní sùúrù, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ààrò. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ tí mo bá wà nílé tàbí tí inverter bá kún ni mò ń lo ìkòkò arọrasè. Bí iná bá lọ lójú mi, mo ń gbé ẹran náà sínú ìkòkò mìíràn lórí gáàsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí mo bá sì jáde, mo ń wo aago ara máíkíróweefù nígbà tí mo bá dé. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, iná ti lọ ó sì ti dé lẹ́yìn mi. Bí n kò bá mọ iye wákàtí tí ó lọ, n kì í jẹ ẹran náà, bó ti wù kí ó ta sánsán tó.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wá ní oṣù tó kọjá. Ó mú egungun kan, ẹran náà sì bọ́ sínú àwo kí ó tó gbé e dé ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ó kàn na àwo rẹ̀ sí mi pé kí n fi kún un.