Kànáfùrù, Oje Igi àti Gbòǹgbò Eyín

Kànáfùrù tí àwọn ìyá wa ní Ayétẹ̀ ń fi sí eyín tí ń dunni, òun náà ni àwọn oníṣègùn eyín ń lò. Òróró rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun síǹkì láti fi dí ihò gbòǹgbò eyín, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ẹran jíjẹrà inú rẹ̀ kúrò. Dídí nìkan kò tó. Bí sìmẹ́ǹtì náà kò bá lẹ̀ mọ́ ara eyín, kòkòrò àìsàn lè tún yọ́ wọlé, eyín sì lè di yíyọ. Nítorí èyí ni Grossman, ará Amẹ́ríkà, ṣe fi oje igi kún tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fi àtè dẹ ẹyẹ rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, òróró kànáfùrù kì í jẹ́ kí èròjà ike tí a ń fi dí orí eyín le dáadáa. Sìmẹ́ǹtì epoxy, tí kò ní kànáfùrù nínú, lẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti hú jáde bí ìrora bá padà.