Ìyá Ọlọ́mọ, Ẹ Fi Gọ́ọ̀mù Oníbàtà Sílẹ̀, Ẹ Po Sítáàṣì!

Bí ilé-ìwé bá ti ní kí àwọn ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, wàhálà dé bá òbí nìyẹn. Láti ojú títì Ọba Akran n'Ìkẹjà títí dé Agége, páálí kò wọ́n wa, gọ́ọ̀mù ló wọ́n. Ni ọmọ bá sáré tọ oníbàtà lọ pé kó bu díẹ̀ fún òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbà o! Gọ́ọ̀mù tí òórùn rẹ̀ ń gúnni nímú yẹn, kẹ́míkà ló wà nínú rẹ̀. Òòyì á kọ́ ọmọ, orí á fọ́ ọ. Bí iná bá sún mọ́ ọn, ó lè gbiná. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tilẹ̀ sọ fífà á símú di bárakú, èyí sì lè pa ènìyàn lójijì.

Kí ló dé tí a ó fi wá ikú kiri nígbà tí ẹ̀gẹ́ wà nílé? Àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta àti n'Íbàdàn mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kùn sára aṣọ kí aró má bàa mu ibẹ̀. Òun là ń pè ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Páálí tí iléeṣẹ́ ń di ọjà sí náà, sítáàṣì ni wọ́n sábà máa ń fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Bí a ti ń ṣe é rèé. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun 2 sítáàṣì, ìyẹn funfun tó máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́ tí a rin. Bí kò bá sí, fúláwà náà dára. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kí ó má di kókó. Kí àgbàlagbà wá da ife omi 1 tó ń hó yaya lé e, kó máa rò ó bí ìgbà tí a ń po ògì. Bó bá ti ń dán, tó ń fà, ó ti jiná. Bí kò bá tíì ki, ẹ gbé e ka iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 1 tàbí 2. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án.

Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n kùn ún. Bó bá pọ̀, ìwé á hunjọ. Àwa kò ní tàn yín: kò ní lẹ bàtà, kì í tètè gbẹ, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, yóò kan. Ẹ bò ó dáadáa, nítorí aáyán fẹ́ràn rẹ̀.

Owó gọ́ọ̀mù, ẹ fi ra pẹ́ńsù fún ọmọ. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tirẹ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.