Omi Tí Kò Tíì Gbó: Ìdí Tí Ẹja Fi Ń Kú Nínú Àpótí Tuntun

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí data yín kò tó gbọ́ ohùn, tí ẹ wá ń ka eléyìí, ẹ kú ìnáwó. Àwa náà mọ bó ṣe ń rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp láti Ọ̀yọ́. Ó ti rí fídíò àwọn òyìnbó tó ń sin ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì, pẹ̀lú iyùn aláràbarà tó ń jó lẹ́lẹ́ nínú omi, ó ní òun náà á ṣe é. Oṣù mẹ́jọ ló fi tu owó jọ. Ó kan àpótí, ó ra iyọ̀ òkun láti Èkó, ó ra pọ́ǹpù, ó ra iná, ó wá ra ẹja mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti léfòó. Omi náà sì mọ́ gaara. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé kò béèrè ohun tó pa wọ́n. Ó ti dá ẹjọ́ náà tán. Ó ní àbúrò òun tó máa ń gbálẹ̀ pálọ̀ ló da omi ọṣẹ sí i, àwọn méjèèjì kò sì tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ó jọ pé ọmọ yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo wà ní LAUTECH, Under G ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ fi ẹja àrọ̀ wá owó díẹ̀. Mo ra táǹkì oníke tó ń gba 1,000 lítà, mo fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán, mo fa omi kànga kún un, mo ra ọmọ ẹja 150, mo sì kó wọn sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, torí mo fẹ́ kí wọ́n tètè tóbi. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lóòró nínú omi, ẹnu wọn sókè. Lọ́jọ́ kejìlá, 31 ló kù. Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá tó tà wọ́n fún mi lọ, ojú mi ti le.

Mo ní, "Bàbá, ẹja tí ẹ tà fún mi, ṣé kì í ṣe pé ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀?"

Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo lo fa omi?"

"Ọjọ́ tí mo ra ẹja yẹn náà ni, sà."

"Omi rẹ kò tíì gbó, ọmọ mi. Ìdọ̀tí ara wọn ni wọ́n mu kú."

Mo rò pé òwe ni wọ́n ń pa. Kẹ́mísìrì ni.

Ẹja kì í jáde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Inú omi yẹn ló ń jẹ, inú rẹ̀ ló ń mí, inú rẹ̀ náà ló ń tọ̀. Láti ara ẹ̀yà tó fi ń mí gan-an ni àmóníà ti ń tú jáde sínú omi, èyí tó kù a máa jáde láti ara ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tí kò jẹ tán. Àmóníà yìí ni òórùn tó máa ń gún yín nímú tí ẹ bá kọjá lẹ́yìn ògiri tí àwọn èèyàn ń tọ̀ sí. Májèlé ni fún ẹja. Kò ní àwọ̀. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè mọ́ gaara, kó sì máa pa wọ́n lọ.

Nínú odò àti nínú òkun, àwọn bakitéríà wà tó ń jẹ àmóníà yìí. Ìpele méjì ni iṣẹ́ wọn. Àwọn kan á sọ àmóníà di nitrite, òun náà burú fún ẹja. Àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà tí kò bá pọ̀ jù. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn kòkòrò wọ̀nyí ní nǹkan bí ọdún 1890, orí iyẹ̀pẹ̀ oko ló sì ti rí wọn, kì í ṣe inú omi ẹja. Àwọn ìbátan wọn ló ń ṣiṣẹ́ kan náà nínú àpótí yín.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í sí nínú àpótí tuntun, tí wọ́n bá wà, wọn kò pọ̀. Ara nǹkan ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́: òkúta, iyanrìn, fóòmù inú asẹ́ omi. Wọ́n sì máa ń lọ́ra láti pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà kí wọ́n tó lè kápá iṣẹ́ náà. Ẹ fojú inú wo ilé ayálégbé tí gbogbo yàrá rẹ̀ kún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́ ṣáláńgá. Ohun tí èmi ṣe sí ẹja 150 nìyẹn. Ohun tí bọ̀ọ̀dá wa ní Ọ̀yọ́ ṣe sí mẹ́ta nìyẹn.

Ẹja òkun ló tún jìyà jù. Àrọ̀ ní ẹ̀yà kan tó fi lè gba afẹ́fẹ́ sínú láti òkè omi, ìdí nìyẹn tí tèmi fi gbé ẹnu sókè, tí 31 sì yè é. Ẹja iyùn kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, pH omi òkun máa ń wà ní nǹkan bí 8.1 sí 8.4, bí pH bá sì ṣe ga tó, tí omi sì gbóná, bẹ́ẹ̀ ni oró àmóníà ṣe máa ń le sí i.

Ibi tí ooru ti kan ọ̀rọ̀ yìí ni ó ti di tiwa gan-an, nítorí Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun, kì í sì í ṣe omi nìkan ni ẹ óò gbé wá, ojú ọjọ́ rẹ̀ náà ni. Iyùn fẹ́ omi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 24 sí 27 lórí Celsius. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, pálọ̀ tiwa fúnra rẹ̀ ń kọjá 30 lọ́sàn-án. Tí omi bá gbóná bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, iyùn á funfun bí egungun. (Àbí ẹ rò pé òkúta ni iyùn? Ẹranko ni. Èyí tí àwọn ọba wa ń wọ̀ sọ́rùn, eegun ẹranko kékeré inú òkun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú tiwọn yàtọ̀ sí ti inú fídíò.) Fáànù tí ẹ bá kọjú rẹ̀ sójú omi á mú kó tutù díẹ̀, àmọ́ á tún mú kó tètè gbẹ.

Ọyẹ́ náà kò sùn. Tí ọyẹ́ bá dé, omi inú àpótí á máa fà lójoojúmọ́, iyọ̀ kò sì ní bá a lọ. Ẹ ronú nípa ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná: tó bá fà, iyọ̀ rẹ̀ á le. Ṣé iyọ̀ lẹ máa bù sí i ni? Omi lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí: omi tí kò ní iyọ̀ la fi ń dí èyí tó fà. Ọ̀pọ̀ ló ń da omi iyọ̀ sí i lójoojúmọ́, títí ẹja fi máa kú.

Iyọ̀ náà ńkọ́? Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ ti inú ọjà. Omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan, kálísíọ̀mù àti màgníṣíọ̀mù sì wà nínú rẹ̀, èyí tí iyùn fi ń kọ́ eegun. Àpótí 200 lítà á gba nǹkan bíi kílò méje iyọ̀ òkun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn o. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, chlorine inú rẹ̀ á pa bakitéríà tí à ń wá. Tó bá jẹ́ borehole, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í tó, ẹ kọ́kọ́ fi pọ́ǹpù rú u fún ọjọ́ kan.

Iná, mi ò fẹ́ sọ ọ́ pọ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ fún wákàtí púpọ̀, bakitéríà inú asẹ́ náà ń mí, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kí ẹ tó ra ẹja.

Síbẹ̀, kì í ṣe olówó nìkan ló lè ṣe é. Ní 1961, Lee Chin Eng ní Indonéṣíà kọ̀wé nípa bó ṣe ń sin ẹja òkun àti iyùn láìsí ẹ̀rọ ńláńlá: òkúta láti inú òkun tí àwọn ohun abẹ̀mí ti bò, ìtànṣán oòrùn, àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń hó nínú omi. Òkúta yẹn ló ń gbé bakitéríà wá. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó kò kọ́kọ́ ka ọ̀nà rẹ̀ sí. Lónìí, lórí òkúta bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú àwọn àpótí inú fídíò yẹn dúró.

Nítorí náà, bọ̀ọ̀dá, ẹ má tíì ta àpótí yẹn. Ẹ ju edé tútù kan péré sínú rẹ̀ láìsí ẹja rárá. Bó ṣe ń jẹrà, á máa tú àmóníà sílẹ̀, bakitéríà á sì rí oúnjẹ jẹ. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dán omi wò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú yín. Àmóníà á gòkè, nitrite á gòkè tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì á wá já sí òdo. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ra ẹja kan. Ẹyọ kan. Ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan á bo iyanrìn àti gíláàsì láàárín kan, ewé aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe torí ìyẹn da omi nù, kò bàjẹ́, ìdàgbà rẹ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ fọ fóòmù asẹ́, omi inú àpótí náà ni kí ẹ bù fọ̀ ọ́. Iyùn lè dúró fún oṣù mélòó kan.

Mo pè é lójọ́ Àbámẹ́ta láti sọ gbogbo èyí fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á ra súyà wálé fún àbúrò òun. Lánàá ó tún fi ohùn ránṣẹ́. Edé náà ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú omi, màmá wọn sì ti ń béèrè ẹni tó gbé omi ẹja rírùn sínú pálọ̀ láìsí ẹja nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀, kò tíì gbó ni."