Gbígbin Ẹ̀pà-Ikún sí Ọgbà Ilé ní Bwari

Nínú bébà yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè gbin ẹ̀pà-ikún, tí àwọn elewé-ọmọ ń pè ní ẹ̀pàkún, sí àyíká ilé wa ní Bwari. Curculigo pilosa ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ewé rẹ̀ jọ koríko débi pé ẹni tó ń roko kì í yà á sọ́tọ̀. Òdòdó rẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀: àwọ̀ ìyeyè ni, ẹlẹ́wé mẹ́fà, ó sì ń yọ nítòsí ilẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Egbò rẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́jà, ẹni tó bá sì hú egbò ti hú gbogbo rẹ̀. Ilé ń gba pápá tó ń hù sí. Ní Burkina Faso, wọ́n máa ń lọ egbò yìí kúnná, wọn a sì pò ó mọ́ oúnjẹ ọkà bàbà tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, nítorí ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Wọ́n tún ń fi pọn ọtí ọkà bàbà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa hú u nínú igbó o. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ni kí a ti wá a, ní oṣù kẹta, kí òjò tó dé. Egbò náà ń lọ tààrà sísàlẹ̀, nítorí náà òró ni kí a gbìn ín, kí orí rẹ̀ wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń ràn tí omi kì í dúró. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè ra ìkòkò amọ̀ tó jìn ní Ushafa, kí ó dá ihò sí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ewé á gbẹ tán, a ó rò pé ó ti kú, a ó sì máa bomi rin ín títí egbò á fi jẹrà. Ẹ fi í sílẹ̀. Nínú pápá, iná ọ̀dàn ń jó kọjá lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó tún ń rú. Ẹ kàn to òkúta yí i ká. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni tó ń bá wa ro ọgbà sì fi ọkọ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù. A kò lè bá a wí, kò sí àmì níbẹ̀.

Fún kíláàsì, orúkọ rẹ̀ nìkan tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Yorùbá rí ikún lára rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ ní Curculigo rí kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn tó ń jẹ ọkà, nítorí ẹnu ṣóńṣó tó wà lórí èso rẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa èso náà jáde nídìí ewé, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì sọ èyí tí àwọn náà rí.