Abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀rọ ìgbì fún ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ kò dìde mọ́: Kí ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ta igi oko?

Ọjọ́ ọjà ni, ní Ikpinlè, nígbà tí bàbá kan tó ń ta epo pupa pè mí sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún 52 ni. Ó ní kí n jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Àbúrò, ìwọ tó o jẹ́ oníròyìn, bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé òótọ́ ni?"

Fídíò ni. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà ń sọ Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àwọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni, àwọn yóò fi ẹ̀rọ yí i, àwọn yóò sì gún un padà sí nǹkan ọmọkùnrin, gbogbo rẹ̀ yóò wá padà dà bíi ti ọmọ ogún ọdún. Kò sí orúkọ ilé ìwòsàn, kò sí àdírẹ́sì. Nọ́ńbà WhatsApp nìkan ló wà níbẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ bàbá yìí, nítorí ó ní ìyàwó òun pàápàá kò mọ̀ pé òun bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Àmọ́ ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra igi tíìkì oko rẹ̀. Owó igi náà ló fẹ́ gbé lọ bá ẹni inú fídíò. Nígbà tó ń gbin igi ọ̀hún, ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí òun fi rán ọmọbìnrin òun lọ sí yunifásítì.

Mo béèrè bóyá ó ti yẹ ara rẹ̀ wò fún ìtọ̀ ṣúgà rí. Ó ní rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ó ní wọ́n wọ̀n ọ́n fún òun lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, wọ́n sì ní ó ga, ṣùgbọ́n òun kò padà lọ gba oògùn.

Ìdáhùn méjèèjì yẹn ni mo gbé délé, ló bá di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo jẹ́wọ́ pé ojú ti èmi náà lákọ̀ọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, "akúra" kì í ṣe orúkọ àìsàn létí àwọn èèyàn, èébú ni. Àwọn ọkùnrin ń sọ pé "ara mi kò le" tàbí "jẹ̀díjẹ̀dí ló mú mi", wọ́n á sì gba ibùdó onízémíjàn lọ mu egbò tí wọ́n rẹ sínú sódàbí. Bí aya kò bá sì lóyún, òun ni ìdílé ọkọ máa ń wò, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò lè ṣe ohunkóhun ní yàrá ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Àìsàn náà kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003 wo àwọn ọkùnrin tó wá sí ilé ìwòsàn kéékèèké ní Nàìjíríà, Íjíbítì àti Pakistan. Nínú 100 ọkùnrin tí wọ́n bi léèrè ní Nàìjíríà, nǹkan bí 57 ló ní ìṣòro yìí dé ìwọ̀n kan. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù, èyí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Massachusetts tó sì jáde ní 1994, rí i pé 52 nínú 100 ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 40 sí 70 ló ní in, bóyá díẹ̀ tàbí púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun nìkan ni ayé ń ṣe, kó wo ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni

Inú nǹkan ọmọkùnrin rí bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Bí ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára bá ti ránṣẹ́, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ á là, kàn-ìn-kàn-ìn yẹn á mu ẹ̀jẹ̀ yó, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ìbá gbà jáde á sì dí. Ìyẹn ló ń mú un le. Ohunkóhun tó bá ba iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan ìmọ̀lára jẹ́ lè dí i lọ́wọ́: ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ abẹ prostate. Ìdààmú ọkàn náà ń ṣe é, pàápàá lára ọ̀dọ́. Àwọn oògùn kan tí èèyàn ń lò fún àìsàn mìíràn lè fà á pẹ̀lú.

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́: mìlímítà 1 sí 2 ni. Èyí tó ń bọ́ ọkàn fẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 4. Bí ìdọ̀tí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí iṣan gbogbo ara, èyí tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ dí. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ọkàn fi ń sọ pé ìṣòro yìí lè ṣáájú àrùn ọkàn ní nǹkan bí ọdún méjì sí márùn-ún. Ìdí náà sì nìyí tí mo fi ń bi bàbá elépo ní ọ̀rọ̀ ṣúgà nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ fídíò ló ń bi mí.

Sildenafil, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Viagra, gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 1998. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó kàn ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ ni. Bí agbára rẹ̀ bá ti lọ, iṣan tó ti bàjẹ́ ṣì wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn nitrate fún àyà dídùn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ débi ikú.

Ohun tí àwọn onímọ̀ wá ń wá báyìí ni bí wọ́n ṣe lè tún ẹran ara náà ṣe, kó má jẹ́ pé oògùn ni yóò máa tì í lójoojúmọ́. Orí èyí ni fídíò bàbá yẹn dúró lé. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìtọ́jú tó ń fẹ́ sọ ẹran ara dọ̀tun

Mẹ́ta ló wà tí ariwo wọn pọ̀ jù.

Ẹ̀rọ ìgbì ló ti rìn jìnnà jù nínú wọn. Ìlú Munich ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo irú ìgbì yìí fún aláìsàn, ní 1980, láti fi fọ́ òkúta inú kíndìnrín láìfi ọ̀bẹ la ara. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan rí i pé bí wọ́n bá dín agbára rẹ̀ kù gan-an, ó jọ pé ó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù. Ní 2010, àwọn dókítà ní Haifa, ní Ísírẹ́lì, gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ọkùnrin 20 jáde, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yá sí i fún oṣù mẹ́fà. Ayé gbọ́, àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni sì ra ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Denmark lo ẹ̀rọ náà lára ọkùnrin 126, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gidi ṣe fún àwọn kan, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ tan àwọn yòókù, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan tó tó nǹkan láàárín wọn. 2017 nìyẹn. Àwọn ìwádìí mìíràn ti sọ pé ó ṣiṣẹ́. Títí di òní, ẹgbẹ́ àwọn dókítà urology ti ilẹ̀ Yúróòpù ní ó ṣeé gbìyànjú fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le, tó sì jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló fà á, àmọ́ àwọn fúnra wọn ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lágbára.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ inú fídíò yẹn, PRP ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ẹni, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kíkankíkan títí yóò fi pín, wọ́n á mú apá tó pọ́n bí omi òyìnbó inú rẹ̀, níbi tí àwọn platelet pọ̀ sí. Àwọn platelet wọ̀nyí ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì bí a bá gé ara, wọ́n sì ń tú èròjà tó ń ran ọgbẹ́ lọ́wọ́ láti jinná. Wọ́n á wá gún un sí nǹkan ọmọkùnrin.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì, wọ́n dán an wò lára ọkùnrin 60, ìwádìí náà sì jáde ní 2021. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 69 nínú 100 àwọn tó gbà á ní ara àwọn yá dé ìwọ̀n tó ṣe kókó. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ òfo, 27 nínú 100 ni. Bí èèyàn bá dúró síbẹ̀, yóò sá lọ ta tíìkì. Àmọ́ ní 2023, yunifásítì Miami ní Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ jáde. Ọkùnrin 61 ni. Wọ́n gún PRP fún àwọn kan, wọ́n gún omi iyọ̀ lásán fún àwọn yòókù, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí òun gbà. Lẹ́yìn oṣù kan, nǹkan bí 58 nínú 100 àwọn tó gba PRP ní ó dáa sí i. Àwọn tó gba omi iyọ̀ ńkọ́? Nǹkan bí 54 nínú 100.

Ẹ tún un kà. Omi iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tó ẹ̀jẹ̀. Bí ọkùnrin bá ti gbà pé wọ́n ti tọ́jú òun, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ara rẹ̀ lè dáhùn fúngbà díẹ̀. Mi ò fi ṣẹ̀sín. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá wá jẹ́rìí nínú fídíò lè má purọ́, síbẹ̀ kó máà jẹ́ abẹ́rẹ́ náà ló ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ìyẹn stem cell, tí wọ́n ń mú láti inú mùdùnmúdùn eegun, ọ̀rá ara, tàbí okùn ìdodo ọmọ tuntun. Àwọn ìwádìí tó wà kéré. Ní Kòríà Gúúsù, ní 2010, ọkùnrin méje péré tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ní Denmark, ní 2016, wọ́n lo sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá fún ọkùnrin 17 tí wọ́n ti yọ prostate wọn nítorí jẹjẹrẹ. Mẹ́jọ nínú wọn padà lè bá aya wọn sùn. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ kò sí àwùjọ kejì tí wọ́n fi wọ́n wé, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi èèyàn 17 kọ́ ilé.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà urology sọ ní 2018 pé àdánwò ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìlera ìbálòpọ̀ ti Àríwá Amẹ́ríkà fi kún un pé kò yẹ kí wọ́n máa ṣe wọ́n fún aláìsàn bí kò bá jẹ́ nínú ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí dáadáa. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, kì í sábà jẹ́ pé aláìsàn ló ń sanwó kí wọ́n tó gún un.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀jẹ̀ ara mi náà ni, kí ló lè fi mí ṣe?" Ní ìpínlẹ̀ Florida, obìnrin mẹ́ta gba abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú ọ̀rá ara wọn fúnra wọn, sí ojú méjèèjì. Ojú wọn bàjẹ́ gidigidi. Ìwé ìròyìn ìṣègùn gbé e jáde ní 2017. Ti ara ẹni ni, ọwọ́ tó gbé e àti ibi tí wọ́n gún un sí ló ṣe wọ́n léṣe. Abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ lè kó àrùn ran ẹni náà.

Kí n sì tó kúrò níbẹ̀: egbò àti oyin inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún "agbára" kò mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó ń ta irú oyin bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n bá sildenafil tàbí tadalafil nínú rẹ̀ láìkọ ọ́ sára ọ̀rá. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tó bá lá irú oyin yẹn kò mọ ohun tó lá. Epo igi bùràntáṣí ní yohimbine nínú, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Àwa tí a wà ní Benin kò tíì gbàgbé Adjégounlè, ọjà oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dantokpa ní Kútọnu, tí ìjọba lọ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní 2017.

Níbo wá ni kí èèyàn lọ?

Ẹni tó wà ní àgbègbè Adja-Ouèrè kò ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti àyẹ̀wò ṣúgà ni àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn itòsí lè ṣe é. Pobè ni ilé ìwòsàn ńlá àgbègbè wa wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ọwọ́ wọn lọ, ẹ̀ka urology àti ìlera ọkùnrin wà ní CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu. Ẹ mú gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, títí kan àgbo.

Ẹni tó bá sì fẹ́ gba èyíkéyìí nínú mẹ́ta yẹn, kó bi wọ́n pé: ṣé ìwádìí ni, àbí òwò? Ta ló fọwọ́ sí i? Kí ló fa tèmi gan-an? Ẹni tó bá fẹ́ gún yín láìkọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ṣúgà, ẹ dìde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá elépo pè mí. Ó ti lọ. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 17 lórí 10. Wọ́n ní ṣúgà náà ga, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé láìjẹun. Mo béèrè ohun tí wọ́n sọ nípa ọ̀rọ̀ kejì. Ó dákẹ́. Ó ní nọ́ọ̀sì náà kò ju ọmọ òun lọ, òun kò lè la ẹnu sọ ọ́.

Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kó fún un. Ó rẹ́rìn-ín: "Ta ni yóò bá mi kọ ọ́ ní Faransé?"

Mo ti bá a kọ ọ́, ìlà méjì péré. Ó ká a sínú àpò aṣọ rẹ̀. Tíìkì ṣì wà lóko, àmọ́ ẹni tó fẹ́ rà á ti ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.