«Ó ti lọ» kì í ṣe «ó ti dé»: bí clé internet ṣe ń fi SMS ránṣẹ́



Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ kan fẹ́ pe ọmọ ẹgbẹ́ 60 sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Akọ̀wé fi clé internet sí ara ordinateur, ó kọ ọ̀rọ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́, ordinateur ní «envoyé». Ọjọ́ pé, èèyàn 15 péré ló wá. Àwọn tó kù ní àwọn ò rí nǹkan kan gbà. Ni ariwo bá bẹ̀rẹ̀: akọ̀wé ti jẹ owó crédit! Àbí irọ́ ló pa? Kì í ṣe dandan. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà.

Pilote ló wà láàrin

Ordinateur fúnra ẹ̀ ò mọ bó ṣe máa bá clé sọ̀rọ̀. Pilote ló ń ṣe alágbàsọ láàrin àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá ti fi clé sí i, pilote á ṣí ẹnu ọ̀nà kan fún un, á sì fún ọ̀nà náà lórúkọ: lórí Windows ó lè jẹ́ COM3, lórí Linux ó lè jẹ́ ttyUSB0. Ohun tí logiciel bá kọ síbẹ̀ ni clé máa gbọ́. Ibẹ̀ náà la ti ń ka èsì tí clé bá fọ̀.

Èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ti pẹ́. Ilé iṣẹ́ Hayes ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1981, fún ẹ̀rọ tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù. AT ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àwọn àṣẹ rẹ̀, ìyẹn «attention», bí ìgbà téèyàn bá kọ́kọ́ pe ọmọ lórúkọ kó tó rán an níṣẹ́. Bó ṣe ń lọ rèé:

- Ẹ kọ AT, ẹ tẹ Entrée. Tí clé bá wà láàyè, á ní OK.
- Ẹ kọ AT+CMGF=1. Ìyẹn ni pé lẹ́tà lásán lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́.
- Ẹ kọ AT+CMGS= pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni náà. Clé á fi àmì > hàn. Ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ tẹ Ctrl àti Z pọ̀. Tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, clé á máa dúró, á rò pé ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán.
- Tó bá dáa, á ní +CMGS pẹ̀lú nọ́ńbà kan, lẹ́yìn náà OK. Tí ò bá dáa, á ní ERROR.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta

Ibi tí ìjà ti ń wá nìyí. Tí logiciel bá kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, pilote á kó o sínú àpò kékeré kan, á dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé «mo ti gbà á». Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà lè má tíì kúrò nínú ordinateur rárá. Ó dà bí ìgbà tí ẹ gbé àpò gààrí fún zém ní Sakété pé kó gbé e wá sí Aguidi. Ó gbà á lọ́wọ́ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n gààrí ò tíì délé. Logiciel tí ò bá gbọ́n, ibẹ̀ ló ti máa ń sọ pé «envoyé».

Ẹnu ọ̀nà kejì ni +CMGS àti OK: réseau ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ẹkẹta ni accusé de réception: pọ́tábù ẹni náà ti gbà á. Tí pọ́tábù bá wà ní pípa, réseau á tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fúngbà díẹ̀. Tí àkókò yẹn bá kọjá, á dà á nù.

Kí ló lè fà á?

Àkọ́kọ́, ìkánjú. SMS kan lè gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí OK tó dé. Tí logiciel bá da àṣẹ mìíràn lé e kí ìdáhùn tó dé, ti ìṣáájú lè já sọ́nà.

Ìkejì, nọ́ńbà. Láti 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Bénin ti kúrò ní 8, ó ti di 10, 01 ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé nọ́ńbà tí wọn ò tíì tún ṣe lè mú kí ọ̀rọ̀ má dé. A máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Bí ẹ bá ṣe rán an náà ló máa jẹ́ ẹ.

Ìkẹta, lẹ́tà Yorùbá. Octet 140 ni SMS kan lè gbé, ó tó lẹ́tà 160. Lẹ́tà é, è, à, ì, ò àti ù wà nínú tábìlì àwọn lẹ́tà yẹn. Ẹ, ọ, ṣ, á àti ó ò sí níbẹ̀. Tí ọ̀kan péré nínú wọn bá wọlé, 160 á di 70, ẹ́ nìkan á sì tún kà sí méjì. Ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà 100 tó yẹ kó jẹ́ SMS kan á di méjì. Fún èèyàn 60, ó di 120, crédit lè tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ àmì kúrò, ọkọ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan náà. Ẹ kúkú jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kúrú.

Kí ni kí akọ̀wé ṣe?

Kó fi ẹyọ kan dán an wò sórí nọ́ńbà tirẹ̀. Kó máa dúró de OK kó tó rán èyí tó kàn. Kó kọ nọ́ńbà tó mú ERROR wá sílẹ̀, kó pe àwọn yẹn lẹ́nu. Kó tọ́jú ìdáhùn clé. Òun ló máa gbà á lọ́jọ́ ẹjọ́, torí yóò fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó orí pọ́tábù. Tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́, tí ìdáhùn ò dé, ẹ má kánjú tún un fi. Ẹ kọ́kọ́ wo solde yín. Àìrí ìdáhùn ò sọ pé owó ò lọ.